Kì í ṣe ìdọ̀tí ló wà nínú fódà .gradle o

Ìbéèrè: Ẹ káàsán o, ọ̀gá. Áàpù Android ni mò ń kọ, láptọ́ọ̀pù mi ò ju RAM 8GB lọ. Kí n tó build (ìyẹn kí n sọ kóòdù di áàpù) mo máa ń kọ́kọ́ clean, tó bá ṣì ń fà mo máa ń lọ pa fódà .gradle rẹ́ torí wọ́n ní ìdọ̀tí ló máa ń kún ibẹ̀. Síbẹ̀ ó ń pẹ́, dátà mi sì ń tán wéré. Ṣé kí n pa Gradle, tool tó ń bá mi build, tì ni, kí n máa fọwọ́ compile?

Ìdáhùn: Àbúrò, ibi tó o ti ní o pa .gradle rẹ́ ni mo kà dé tí orí mi gbóná. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń bi mí ní nǹkan yìí, orí YouTube náà sì ni gbogbo yín ti ń gbé e bọ̀, ẹnì kan á jókòó sídìí kámẹ́rà á ní kẹ́ ẹ pa á rẹ́ kí build yín lè yá, kò sì ní bá yín ra dátà.

Kò sí ìdọ̀tí kankan níbẹ̀. Fódà .gradle tó wà nínú home ẹ, gbogbo library (kóòdù táwọn ẹlòmíì ti kọ sílẹ̀) tí áàpù ẹ ń lò, tó ti lọ gbé wá láti ibi ìkó-library-sí Maven Central àti ti Google lórí íntánẹ́ẹ̀tì, inú caches ibẹ̀ ló kó wọn sí. Gradle fúnra ẹ̀ wà níbẹ̀ náà, nínú wrapper/dists, àwọn version tuntun sì ju 100MB lọ. Tó o bá ti pa á rẹ́, ó di dandan kó tún lọ gbé gbogbo ẹ̀ wá látòkè délẹ̀. Kò sẹ́ni tó jí dátà ẹ, ìwọ lò ń dà á nù. (Èyí tó wà nínú project ẹ yàtọ̀ o, kékeré nìyẹn, kò sí library níbẹ̀.)

Ó wá ku clean. Clean ò jẹ dátà, àsìkò ló ń jẹ. Fódà build ló máa ń pa rẹ́, ìyẹn gbogbo iṣẹ́ tí Gradle ti ṣe tẹ́lẹ̀, o wá sọ fún un pé kó tún un ṣe. Kí ẹni tó se ọbẹ̀ wá da gbogbo ìkòkò nù torí pé iyọ̀ ò tó, ohun tó ò ń ṣe nìyẹn. Torí kẹ́ ẹ má baà máa tún gbogbo nǹkan ṣe ni wọ́n ṣe ń kọ irú tool báyìí látijọ́. Make tí Stuart Feldman kọ ní Bell Labs ní 1976, àsìkò tí wọ́n fọwọ́ kan fáìlì kẹ́yìn ló máa ń wò kó tó mọ èyí tó máa tún ṣe. Gradle tiẹ̀ ń yẹ ohun tó wà nínú fáìlì wò, tí ohun tó wọlé sí task kan (ìgbésẹ̀ kan nínú build) ò bá yí padà, tí ohun tó jáde níbẹ̀ sì ṣì wà, á kọ UP-TO-DATE, á kọjá lọ. Tó o bá yí àwọ̀ bọ́tìnnì kan padà, iṣẹ́ resource àti packaging ló yẹ kó ṣe, kóòdù Kotlin tó ò fọwọ́ kàn á jókòó jẹ́ẹ́. Ìwọ wá clean, ó di òfo.

Mi ò ní kó o má clean láéláé. Tó o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ version plugin (àfikún tí Gradle ń lò) tí error tí kò nítumọ̀ wá ń jáde, clean lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n project tí kì í ṣiṣẹ́ àfi tẹ́ ẹ bá clean, task kan wà nínú build.gradle yín tí ẹni tó kọ ọ́ ò sọ ohun tó ń kà àti ohun tó ń kọ jáde fún Gradle, ẹ lọ wá a.

Ní ti dátà, tí gbogbo library bá ti wọlé, máa fi --offline sí àṣẹ tó o fi ń build, kò ní kan íntánẹ́ẹ̀tì rárá, ọjọ́ tó o bá fi library tuntun kún un kó o yọ ọ́. Má kọ version library tó ní àmì +, torí tó bá ti ju wákàtí 24 lọ á tún lọ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá tuntun ti dé. Tí distributionUrl ẹ (líǹkì tó ń gbé Gradle wá) bá parí sí -all, -bin ti tó, ṣùgbọ́n dúró di ìgbà tó o bá fẹ́ pààrọ̀ version, torí tó o bá yí i báyìí á tún dáúnlóòdù.

Fi org.gradle.caching=true sínú gradle.properties, kó lè máa tọ́jú iṣẹ́ tó ti ṣe pa mọ́. Èmi á fi -Xmx2g (àyè 2GB nínú RAM fún Gradle) sí org.gradle.jvmargs lórí 8GB, àmọ́ mi ò rí láptọ́ọ̀pù ẹ o, tí Chrome àti emulator bá jọ ṣí sílẹ̀ tó wá gan, má pè mí. Má sì máa pa java nínú Task Manager, daemon nìyẹn, Gradle tó ń dúró de iṣẹ́ lẹ́yìn, òun ló ń jẹ́ kí build kejì yá, tí kò bá ríṣẹ́ ṣe fún wákàtí 3 á kú fúnra ẹ̀.

Fífọwọ́ compile kẹ̀? Rárá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń gba "Gradle booster" lórí Telegram, ẹ gbọ́ o: build script kì í ṣe settings lásán, program ni, Groovy tàbí Kotlin, gbogbo fáìlì tí ìwọ lè kà lòun náà lè kà, títí kan keystore ẹ (fáìlì tó o fi ń fọwọ́ sí áàpù pé tìẹ ni). Tó o bá ti run irú ẹ̀ rí, lọ pààrọ̀ àwọn páásíwọ́ọ̀dù ẹ lónìí.

Tó bá ṣì ń pẹ́ lẹ́yìn gbogbo èyí, fi --profile run ún, wàá rí report nínú build/reports/profile, ìyẹn ni kó o fi ránṣẹ́. Má fi fọ́tò screen ẹ ránṣẹ́ sí mi, kò sí ohun tí mo lè rí níbẹ̀.