Kọ́mà kì í ṣe ibi tá a ti ń mí

Àbúrò mi, o ní supervisor ẹ fi bírò pupa yí kọ́mà ká káàkiri inú project ẹ, bẹ́ẹ̀ ibi tó o bá ti mí ni wọ́n kọ́ ẹ ní pámárì pé kó o máa fi sí. Ohun tí wọ́n kọ́ èmi náà nìyẹn. Orúkọ tá a ń pè é gan-an, àmì ìdánudúró díẹ̀, ń tan èèyàn síbẹ̀. Nínú òyìnbó, ìtumọ̀ ló ń gbé kọ́mà kalẹ̀, kì í ṣe èémí.

Àǹtí mi kan nílé lẹ́yìn Ọjà-Ọba l'Àkúrẹ́ níbí, tẹ́náǹtì mẹ́fà ló wà ńbẹ̀, àwọn méjì jẹ owó, Àǹtí wá ní kí n bá àwọn kọ nótíìsì, mo kọ ọ́ báyìí: "The tenants, who have not paid, should leave this month", mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì. Kílẹ̀ tó ṣú, àwọn mẹ́rin tó ti sanwó ti kó rìsíìtì dé, màmá àgbà kan nínú wọn ń sunkún pé ta ló pe òun ní onígbèsè. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì láàárín wọn ló fà mí jókòó: pẹ̀lú kọ́mà méjì yẹn, gbogbo tẹ́náǹtì ni kò sanwó. Yọ méjèèjì kúrò, àwọn tó jẹ owó nìkan lọ̀rọ̀ kàn. Ojúlé dé ojúlé ni mo fi bẹ̀bẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Àtìgbà yẹn ni mo ti ń ṣọ́ ibi tí ẹnu Yorùbá wa ti ń tì wá. A máa ń sọ pé "Bàbá mi, wọ́n ti lọ sí Òǹdó", a ó dánu dúró díẹ̀ lẹ́yìn "Bàbá mi", la bá kọ "My father, travelled to Ondo". Má ṣe é. Kọ́mà kan ṣoṣo ò gbọdọ̀ ya olùwà, ìyẹn "My father", nípa sí ọ̀rọ̀-ìṣe ẹ̀, ìyẹn "travelled". Méjì lè wọ àárín wọn tí wọ́n bá jọ há nǹkan mọ́, bíi "My father, a farmer, travelled to Ondo", ìyẹn dáa.

Èyí tó ń pa wá jù ni ti "mo délé, mo jẹun, mo sùn". Ó dùn lẹ́nu wa, kò sí àléébù kankan ńbẹ̀. Àmọ́ tó o bá kọ "The data was collected in Akure, it was analysed with SPSS", odidi gbólóhùn méjì lo fi kọ́mà so pọ̀ yẹn o, kọ́mà ò sì lágbára ẹ̀. Fi fúlísítọ́ọ̀pù já a, àbí kó o fi "and" tẹ̀ lé kọ́mà náà. "However" ò lè bá ẹ so ó. Ó dá mi lójú pé ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú bírò pupa yẹn wà.

Ti "rice, beans, and yam", àwọn kan ń fi kọ́mà síwájú "and", àwọn kan kì í fi sí i, mú ọ̀kan kó o dúró tì í. Ṣùgbọ́n má fojú di í: ní Maine l'Amẹ́ríkà, torí kọ́mà tí kò sí níwájú "or" nínú òfin owó overtime, àwọn awakọ̀ tó ń gbé wàrà pe Oakhurst Dairy lẹ́jọ́, ní 2018 ilé iṣẹ́ náà gbà láti san dọ́là mílíọ̀nù 5.

Kó o tó tún lọ san owó print, wo ọ̀tún àti òsì gbogbo kọ́mà tí wọ́n yí ká. Tó bá jẹ́ odidi gbólóhùn ló wà lápá méjèèjì, já a. Tó bá sì há ẹ, gbé páráǹgíráàfù kan wá, ká jọ wò ó.