Ṣé ó yẹ kí ẹni tó ń gba kímò máa rìn nítorí iyè rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá mi, ẹni ọdún 58, ń gba kímò, ìyẹn oògùn líle tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ, fún jẹjẹrẹ ọmú ní ọ̀sẹ̀ 3-3. Láti ìgbà tí wọ́n ti gba ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni wọ́n ti ń gbàgbé nǹkan: wọ́n á gbé ọbẹ̀ kaná, wọn ò ní rántí bóyá àwọn ti fi iyọ̀ sí i. Àwọn ẹbí ní kí wọ́n máa sùn ṣáá. Èmi sì gbọ́ pé eré ìmárale máa ń ran ọpọlọ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ta ni ká gbọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú màmá o, Ọlọ́run yóò fún wọn ní àlàáfíà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gba kímò ló ń ní irú ìgbàgbé yìí, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ọ̀lẹ tàbí wèrè. Kì í ṣe kímò nìkan ló ń fà á: ẹ̀jẹ̀ tí kò tó, oorun tí kò dára, ìdààmú ọkàn, àwọn oògùn tí wọ́n fi ń dá èébì dúró àti àárẹ̀ lè para pọ̀ mú kí iyè ra.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó dájú. Ní ọdún 2022, ASCO, ẹgbẹ́ àwọn dókítà jẹjẹrẹ ní Amẹ́ríkà, gba àwọn dókítà níyànjú pé kí wọ́n dámọ̀ràn eré ìmárale fún ẹni tó ń gba ìtọ́jú tí wọ́n retí pé yóò wò ó sàn, nítorí ó ń dín àárẹ̀ kù, kì í sì í jẹ́ kí agbára ara tán. Ti iyè kò dájú tó bẹ́ẹ̀. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Rochester, ní Amẹ́ríkà kan náà, kó àwọn aláìsàn tó lé ní 600 jọ. Apá kan ń rìn, wọ́n sì ń fa rọ́bà eré ìmárale nílé fún ọ̀sẹ̀ 6, apá kejì ń gba ìtọ́jú wọn nìkan láìsí eré náà. Lára àwọn tó ń gba kímò ní ọ̀sẹ̀ 2-2, àwọn tó ń rìn sọ pé iyè àwọn já geere ju bí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe sọ lọ, ṣùgbọ́n èrè náà kò hàn bẹ́ẹ̀ lára àwọn tí kímò tiwọn jìnnà síra. Níwọ̀n bí ti màmá yín ti jẹ́ ọ̀sẹ̀ 3-3, ẹ má ṣèlérí fún wọn pé ìrìn yóò lé ìgbàgbé lọ. Síbẹ̀, èmi yóò ní kí wọ́n rìn, torí ẹni tí àárẹ̀ fúyẹ́ lára rẹ̀, tó sì rí oorun sùn, ni iyè rẹ̀ máa ń ráyè ṣiṣẹ́. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹbí, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ń sùn látàárọ̀ dalẹ́, iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa joro, àárẹ̀ á sì máa pọ̀ sí i.

Ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ dókítà wọn. Kí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú 5 tàbí 10 nínú àgbàlá, nírọ̀lẹ́ tí oòrùn ti rọ̀, kí ẹ jọ máa rìn, kí wọ́n sì lè máa bá yín sọ̀rọ̀ láìmí hẹlẹ. Bàtà tó bo ìka ẹsẹ̀ ni kí wọ́n wọ̀, nítorí oríṣi kímò kan máa ń mú ẹsẹ̀ kú débi pé òkúta lè gún ènìyàn kó má mọ̀. Ní àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé kímò gan-an, kí wọ́n kàn dìde jókòó lórí àga nígbà díẹ̀ tó. Bí ara bá sì ti ń yá, kí ẹ fi ìṣẹ́jú kún un díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tó ìṣẹ́jú 30, nígbà 3 lọ́sẹ̀. Ní ti iyọ̀, ẹ fi ìwé kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáná, kí wọ́n fàlà sí i ní kété tí wọ́n bá ti bù ú sí ọbẹ̀.

Ọjọ́ tí òòyì bá ń kọ́ wọn, tí àyà bá ń dùn wọ́n, tí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde lérìgì, tàbí tí egungun kan ṣàdédé ń ro wọ́n, kí wọ́n má rìn rárá. Ẹ pe dókítà. Bí tẹmómítà bá fi 38 hàn, ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, ìbáà jẹ́ òru. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí wọ́n bá ṣàdédé ń sọ ìsọkúsọ, tí ẹnu wọn wọ́, tàbí tí wọn ò dá yín mọ̀ mọ́: ìyẹn kì í ṣe ìgbàgbé kímò, kò sì ṣeé fi dúró de ọjọ́ tí dókítà dá fún wọn.