Lẹ́tà sí DPO ò le, ọjọ́ tí ọdẹ bá mú olè ni kí ẹ múra sí

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ àdúgbò. Ẹ béèrè bí ẹgbẹ́ onílé yín l'Adó-Èkìtì ṣe lè kọ̀wé sí DPO, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá àdúgbò yín, kí ọlọ́pàá lè máa bá àwọn ọdẹ yín ṣọ́ òru. Ìyẹn ò le. Ẹ kọ ọ́, kí alága buwọ́ lù ú, ẹ mú ẹ̀dà kan fún PCRC, ìgbìmọ̀ tó ń so ọlọ́pàá àti ará ìlú pọ̀, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sára ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ yín.

Ọjọ́ tí ọdẹ bá mú olè ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Lóru, tọmọdé tàgbà ló máa tú jáde. Ilẹ̀ á mọ́, ẹ ó wá ẹni tó máa lọ kọ sítétímẹ́ǹtì tì. Ẹni tí wọ́n jí bátìrì sólà rẹ̀ ti gbé e padà sílé, ó ní òun ò fẹ́ ọ̀rọ̀ kóòtù. Òfin orílẹ̀-èdè 1999 sì ní kí ọlọ́pàá gbé ẹni tí wọ́n mú dé kóòtù láàárín ọjọ́ kan, níbi tí kóòtù bá ti wà láàárín 40 kìlómítà. L'Adó, kóòtù ò jìnnà. Láìsí ẹni tó fẹjọ́ sùn, láìsí ẹlẹ́rìí, láìsí ẹrù, béèlì ló kàn. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ó tún rí i lórí ọ̀kadà, àdúgbò á ní ọlọ́pàá ti gba rìbá.

Àwọn kan ń gbà á lóòótọ́, ó sì ń bí èèyàn nínú. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé ọ̀fẹ́ ni béèlì, síbẹ̀ IPO, ọlọ́pàá tó ń wádìí ẹjọ́, á ní kí ẹni tí wọ́n jà lólè mú owó bébà àti owó epo wá! Tẹ́ ẹ bá máa bu epo sí ọkọ̀ patírólù, kó jẹ́ pé ìpàdé ẹgbẹ́ ló fọwọ́ sí i, kí ọkọ̀ náà bá yín dé ilé epo, kí ẹ gba rìsíìtì. Ẹ má fowó lé ẹnì kankan lọ́wọ́.

Ẹ ra ìwé ńlá kan fún àwọn ọdẹ. Bí wọ́n á ṣe máa kọ ọ́ rèé: “Aago 2:40 òru, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù télọ̀, bátìrì sólà méjì, pílásì kan, wáyà tí wọ́n gé.” Kí orúkọ ẹni méjì tó fojú rí i tẹ̀lé e, kí orúkọ ọlọ́pàá tó gba olè lọ́wọ́ wọn wà nísàlẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ẹrù náà níbi tí ẹ ti bá a, kí ẹ kó o dé àgọ́ pọ̀ mọ́ olè. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ nà án. Bó bá kú, ọdẹ yín ló máa jẹ́jọ́ ìpànìyàn.

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ìbọn. Látìgbà tí wọ́n ti pa ọba méjì l'Ékìtì ní oṣù kìn-ín-ní 2024, àdúgbò púpọ̀ ló fẹ́ kí ọdẹ wọn gbé ìbọn. Ìbọn tí ò níwèé á sọ ọdẹ di ọ̀daràn, bó ti wù kó jẹ́ èèyàn dáadáa tó. Ẹ wo ìwé ìbọn rẹ̀ kí ẹ tó gbà á síṣẹ́.

Ẹ má gbára lé DPO nìkan, ìgbàkigbà ni wọ́n lè gbé e lọ síbòmíì. Ẹ mọ DCO, ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwà ọ̀daràn ní àgọ́, àti àwọn tó ń wa ọkọ̀ patírólù. Ẹ kó àwọn ọdẹ lọ sí àgọ́ lọ́sàn-án kí wọ́n mọ ojú ara wọn. Ọlọ́pàá tí ò mọ ọdẹ lè yìnbọn lù ú lóru.

Ẹ má sì gbé orúkọ ẹni tó ta yín lólobó sórí WhatsApp àdúgbò. Ọ̀rẹ́ olè lè wà níbẹ̀. Alága nìkan ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa pè.