Ẹ má wá Franz kiri, ìlú ni kí ẹ tẹ̀ lé

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú akitiyan. Ẹ ní ìtàn Berlin Alexanderplatz, ìwé ìtàn àròsọ tí Alfred Döblin, ará Jámánì, kọ, sọnù mọ́ yín lọ́wọ́ ní apá kejì. Kò sọnù o, ìlú Berlin ló gba ọ̀rọ̀ sọ. Níbi tí Döblin ti pa Franz Biberkopf, ẹni tí ìtàn náà dá lé, tì, tó wá ń ka ibi tí ọkọ̀ ojú irin ìgboro 68 ń gbà kọjá, ẹ má fò ó. Ẹ kà á sókè, kí etí yín gbọ́ ariwo Rosenthaler Platz, gbàgede kan ní Berlin.

Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ padà sí ojú ewé àkọ́kọ́. Franz ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́wọ̀n Tegel ní Berlin. Ó fẹ̀yìn ti ògiri pupa, ọkọ̀ ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, kò wọ èyíkéyìí. Òmìnira gan-an ló ń bà á lẹ́rù! Ibẹ̀ máa ń dùn mí dọ́kàn. Berlin ló máa bá a wọ̀yá ìjà.

Dókítà ni Döblin, àwọn tálákà ìlà oòrùn ìlú náà ló ń tọ́jú, ohùn wọn ló kún inú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1929 yìí.

Ẹni tó ń kà á fún ìgbádùn ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ pé ìdánwò lẹ fẹ́ fi ṣe, apá 9 ni ìwé náà ní, òǹkọ̀wé sì ti sọ ohun tó ń bọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ apá kọ̀ọ̀kan. Ẹ ka ìyẹn ná.