Ẹ kọ́kọ́ ka nọ́ńbà inú àwòrán

Ẹ fẹ́ kọ́ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń mọ ohun tó wà nínú àwòrán, ẹ sì béèrè bóyá kí ẹ kọ́kọ́ kọ́ ìṣirò, tàbí kí ẹ gbé módẹ́ẹ̀lì (ètò kọ̀ǹpútà tó ń kọ́ nǹkan láti inú àpẹẹrẹ) tó ti wà nílẹ̀ kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ lọ. Ọ̀nà kejì yìí ni èmi gbà, oṣù mẹ́ta gbáko ni ó sì jẹ mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa wo ewé ẹ̀gẹ́, kí ó sọ èyí tí àrùn mósáíkì ti bá jà. Mo gbé módẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti fi ImageNet, àkójọ àwòrán ńlá kan, kọ́ lẹ́kọ̀ọ́, mo fi àwòrán tí mo yà fúnra mi kún ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì ń gbà á dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wá ń fi OpenCV, irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ àwòrán, gba àwòrán láti inú kámẹ́rà, ewé tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá nìkan ni ó ń dá mọ̀. Ìsọkúsọ ni ó ń sọ nípa èyí tí àrùn ti sọ di aláwọ̀ ìyeyè. Mo ya àwòrán sí i, mo pààrọ̀ módẹ́ẹ̀lì, mo tún sanwó fún kọ̀ǹpútà alágbára lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí èyí tó tu irun kan lára rẹ̀.

Ọjọ́ tí mo tẹ nọ́ńbà píksẹ́lì (ọ̀kan nínú àwọn tóótòòtó tó para pọ̀ di àwòrán) ẹyọ kan ṣoṣo jáde ni àṣírí tú. Nọ́ńbà mẹ́ta ló wà nínú píksẹ́lì aláwọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti 0 dé 255, fún pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù. OpenCV a máa fi búlúù ṣáájú, a sì fi pupa kẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ pupa ló ṣáájú nínú ohun tí mo fi kọ́ módẹ́ẹ̀lì. Ìyeyè tó yẹ kó jẹ́ 255, 255, 0 wá di 0, 255, 255, àwọ̀ búlúù tó dà pọ̀ mọ́ àwọ̀ ewé, tí kò sí lára ewé kankan lóko. Àwọ̀ ewé tó wà láàárín kò kúrò ní àyè rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ewé tó dá ṣáṣá fi ń yé e. Èyí tó dùn mí jù ni pé fèrèsé OpenCV mọ ètò tirẹ̀, nítorí náà àwòrán náà ń hàn dáadáa lójú mi ní gbogbo ìgbà.

Nítorí náà, ẹ mú àwòrán kan nínú MNIST, àkójọ àwòrán nọ́ńbà tí wọ́n fi ọwọ́ kọ, tí kò ju píksẹ́lì 28 ní ìbú àti 28 ní òró lọ, tí kò sì ní àwọ̀, tó fi jẹ́ pé nọ́ńbà kan ló wà fún píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tẹ gbogbo nọ́ńbà 784 náà jáde, kí ẹ sì fi ojú ara yín kà wọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ fi bírò ṣe asẹ́ Sobel, nọ́ńbà mẹ́sàn-án tí a fi ń wá etí nǹkan nínú àwòrán, lórí ìwé: -1, 0, 1 ní ìlà àkọ́kọ́, -2, 0, 2 ní ìkejì, -1, 0, 1 ní ìkẹta. Ẹ gbé e lé píksẹ́lì mẹ́sàn-án, kí ẹ fi nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sọ èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí àwọ̀ bá dọ́gba, òdo ni yóò jáde. Bí apá òsì bá jẹ́ 10, tí apá ọ̀tún jẹ́ 200, 760 ni yóò jáde, etí nǹkan ni ẹ rí yẹn. Irú iṣẹ́ yìí ni ìpele àkọ́kọ́ nínú convolutional network (irú módẹ́ẹ̀lì tó ń fi asẹ́ báyìí wo àwòrán) ń ṣe, àfi pé fúnra rẹ̀ ni ó ń wá nọ́ńbà asẹ́ tirẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe ń wá a ni kí ẹ tó ṣí ìwé calculus, ìṣirò bí nǹkan ṣe ń yí padà.