Ẹ Bi Wá: Mi Ò Lè Ka Nóòtì, Ṣé Mo Lè Lu Gamelan?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Oakland ní Kalifọ́níà ni mò ń gbé. Aládùúgbò mi mú mi lọ wo ẹgbẹ́ kan tó ń lu gamelan, àwọn gọ́ọ̀ngì àti ohun èlò onídẹ àwọn ará erékùṣù Bálì ní Indonéṣíà, orí mi wú, wọ́n sì ní kí n wá dara pọ̀. Àmọ́ mi ò lè ka nóòtì, tísà tó wá láti Bálì ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọn ò dẹ̀ ń jẹ́ kéèyàn gbé ohun èlò lọ sílé fi kọ́ra. Mo tún rí òdòdó àti tùràrí níwájú gọ́ọ̀ngì ńlá. Kí lẹ rí sí i? — Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú àjò o. Ọ̀rọ̀ nóòtì yẹn, ẹ gbé e tì jàre. Ní Bálì gan-an, ọwọ́ tísà ni wọ́n ń wò. Á jókòó sí òdìkejì ohun èlò yín, á kọjú sí yín, á máa lù ú látibẹ̀, ẹ̀yin náà á máa tẹ̀ lé e títí ọwọ́ yín á fi mú un, Gẹ̀ẹ́sì ò fi bẹ́ẹ̀ níṣẹ́ ńbẹ̀. Ohun tó máa kọ́kọ́ fìyà jẹ yín ni ọwọ́ òsì. Tí ọwọ́ ọ̀tún bá ti fi hámà lu idẹ, idẹ yẹn á máa dún lọ ni, àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá òsì ló máa dì í mú kó dákẹ́, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí ọ̀tún ń lu èkejì gan-an ni òsì gbọ́dọ̀ máa pa ti àkọ́kọ́. Àwọn tó mọ dùùrù tẹ̀ dáadáa pàápàá ń làágùn nídìí ẹ̀.

Ti pé kẹ́ ẹ gbé e lọ sílé, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Àwọn orin tó ń sáré bí ẹ̀rọ tẹ́ ẹ gbọ́ yẹn, èèyàn méjì ló ń pín in lù, ọ̀kan ń lu polos, èkejì ń lu sangsih, ibi tí ọ̀kan bá fàyè sílẹ̀ ni èkejì ń bọ́ sí. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí ìyáàlù bàtá àti omele abo ṣe ń pín gbólóhùn kan sọ, ó ti yé e nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá dá polos lù ní pálọ̀ yín, ìlàjì ọ̀rọ̀ lẹ̀ ń sọ. Wọ́n tún mọ̀ọ́mọ̀ ṣe àwọn ohun èlò yẹn ní méjì-méjì, tí ohùn ọ̀kan fi díẹ̀ ga ju ìkejì ẹ̀, kí ohùn lè máa gbọ̀n tí wọ́n bá lu méjèèjì pọ̀, sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ló sì ní ohùn tiẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbé ọ̀kan lọ, ẹ ò lè rí òmíràn yá fi dípò ẹ̀.

Ti òdòdó, ẹ̀sìn Híńdù ni ọ̀pọ̀ ará Bálì ń ṣe, wọ́n gbà pé ẹ̀mí wà nínú ohun èlò yẹn, pàápàá gọ́ọ̀ngì ńlá. Mi ò ní parọ́ fún yín pé fún ẹwà lásán ni. Tí ọkàn yín ò bá gbà á, ẹ sọ fún wọn látìbẹ̀rẹ̀ pé ẹ ó jókòó sẹ́yìn títí wọ́n á fi ṣe tán. Àmọ́ ẹ má gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí ohun èlò kankan láéláé o, ẹ yí gba ẹ̀yìn, bó ti wù kí ibẹ̀ há tó.

Àgbègbè yín náà mà nìyẹn, ibẹ̀ ni Michael Tenzer, Rachel Cooper àti tísà ará Bálì tó ń jẹ́ I Wayan Suweca ti dá ẹgbẹ́ Gamelan Sekar Jaya sílẹ̀ ní 1979. Ní 1985 wọ́n gbéra, ó di Bálì, wọ́n lọ lù ú lójú àwọn tó ni ín (àyà wọn mà kì o!), ní 2000 ìjọba ibẹ̀ fún wọn ní àmì ẹ̀yẹ Dharma Kusuma. Láti Bálì náà ni àwọn tísà ti ń wá, wọ́n á gbé díẹ̀, wọ́n á padà, òmíràn á dé, tiẹ̀ lè má bá ti èyí tẹ́ ẹ kọ́ tẹ́lẹ̀ mu torí abúlé kan ò lù ú bí ìkejì, ẹ má bá a jiyàn.

Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi yín sídìí jegogan, ohùn ìsàlẹ̀ ni, kì í yára, ẹ ó lè fi gbọ́ bí orin ṣe ń yí kí wọ́n tó gbé polos fún yín. Kẹ́ ẹ sì tètè wá ẹni tó máa dúró ti àwọn ìbejì, torí ọjọ́ tẹ́ ẹ bá pa rìhásà jẹ, ẹnìkejì yín láá máa dá sangsih lù.