Omi Ló Ń Ba Sítéèkì Yín Jẹ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí Aláàsè. Mo ra sítéèkì méjì, ègé ẹran màlúù tó nípọn yẹn, lọ́jọ́ tí ìgbéyàwó wa pé ọdún mẹ́ta, mo fẹ́ fi ya ìyàwó mi lẹ́nu. Èyí tí mo ń wò lọ́kàn ni èyí tó pọ́n dáadáa níta, tó rọ̀ nínú, tí wọ́n da ọbẹ̀ kírímù oníbùráńdì lé lórí. Àmọ́ ṣe ni omi ń sun jáde lára tèmi. Àwọ̀ eérú ló ní, ó sì le bíi bàtà. Ọbẹ̀ náà dì wóró wóró, ọ̀rá léfòó sórí rẹ̀. Ìyàwó mi jẹ ẹ́, ó ní ó dùn. Mo mọ̀ pé ó kàn ń ṣàánú mi ni. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

ÌDÁHÙN: Bá mi kí ìyàwó rẹ, àbúrò mi. Obìnrin tó jẹ bàtà tó ní ó dùn, kò yẹ kí o tún fi bàtà bọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì.

O ò sọ bí o ṣe dín in fún mi, ṣùgbọ́n omi tí o ní ó ń sun jáde yẹn ti sọ gbogbo rẹ̀. Bó ti wù kí iná rẹ le tó, omi kì í gbóná kọjá 100°C nínú páànù, ṣe ni yóò máa di oru lọ. Ẹran kì í sì í pọ́n dáadáa, kò sì ní ta sánsán, àfi tí ojú rẹ̀ bá gbóná tó nǹkan bí 140°C sókè. (Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Louis-Camille Maillard, ló ṣàlàyé ohun tó ń fa pípọ́n yẹn lọ́dún 1912, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é títí dòní.) Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì wà lójú ẹran, ṣe lò ń bọ̀ ọ́, o ò tíì máa dín in.

Nítorí náà, kó tó kan iná rárá, fi tíṣù nu ẹran náà, iwájú, ẹ̀yìn, àti ẹ̀gbẹ́. Ju tíṣù yẹn nù, mú òmíràn, tún un nù. Ìgbà tí tíṣù bá gbẹ lọ́wọ́ rẹ ni kí o tó dúró. Ní ti iyọ̀, ọ̀nà méjì ló wà: yálà kí o fi sí i ní ìṣẹ́jú 40 ṣáájú, tàbí kí o bù ú sí i bó ṣe ku díẹ̀ kó wọ páànù. Àárín méjèèjì ni wàhálà wà. Tí iyọ̀ bá ti wà lára rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti fa omi jáde, omi náà kò sì tíì ráyè padà wọlé. Mo fura pé ibẹ̀ lo bọ́ sí. Ẹran tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 3 ni kí o rà. Èyí tó fẹ́lẹ́ á ti jinná dénú kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó pọ́n.

Páànù onírin tó wúwo ni kí o lò, má lo èyí tí nǹkan kì í lẹ̀ mọ́. Irú ìyẹn kò yẹ fún iná tó le báyìí, àti pé a tilẹ̀ fẹ́ kí nǹkan lẹ̀ mọ́ ọn. Màá dé ibẹ̀. Gbé e kaná lásán, kí o wọ́n ẹ̀kán omi kan sí i. Tí omi bá kàn hó gbẹ síbẹ̀, kò tíì tó. Tí ẹ̀kán náà bá ń yí kiri lórí páànù bí ìlẹ̀kẹ̀, ó ti tó nìyẹn. Jẹ́ kó gbẹ pátápátá kí o tó da òróró sí i o, omi àti òróró gbígbóná kì í ṣọ̀rẹ́. Nígbà tí òróró bá bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín díẹ̀, fi ẹ̀mú gbé ẹran lé e. Apá tó jìnnà sí ọ ni kí o tẹ́ ẹ sí, kó má bàa ta sí ọ lára.

Wàyí o, etí ni kí o lò. Èmi kì í wo páànù tó bí mo ṣe ń gbọ́ ọ. Tó bá ń dún ṣààà, tó le, tí kò dáwọ́ dúró, ohun gbogbo ń lọ dáadáa. Tó bá rẹlẹ̀, tó wá ń hó pọ̀tọ̀pọ̀tọ̀, omi ti gba páànù lọ́wọ́ rẹ: gbé ẹran kúrò, da omi nù, jẹ́ kí páànù tún gbóná. Bí ẹran méjèèjì bá fún ara wọn nínú páànù, dín wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀gbọ́n kan lè sọ fún ọ pé iná líle yẹn ló ń dí ojú ẹran, kí omi inú rẹ̀ má bàa jáde. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì kan, Justus von Liebig, ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí gbilẹ̀ láti 1847. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ó dí, kí ló wá ń dún ṣààà? Omi inú ẹran tó ń jáde náà ni. Adùn la ń wá tí a fi ń fún un ní iná, kì í ṣe ìdérí.

Máa yí i padà ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tàbí méjì, kò sí òfin tó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Bọ́tà, aáyù àti táìmù, ó di ìparí kí wọ́n tó wọlé, torí mílíìkì tó wà nínú bọ́tà tètè ń jóná. Fi ṣíbí máa bù ú lé ẹran lórí fún ìṣẹ́jú kan. Gbé ẹran sórí àwo, kó sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́jọ.

Páànù yẹn ńkọ́? Má fọ̀ ọ́! Àwọn nǹkan pupa tó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ ni ọbẹ̀ rẹ. (Tó bá ti dúdú, fọ̀ ọ́, kí o gbà fún Ọlọ́run. Kíkorò rẹ̀ kò ní kúrò.) Da ọ̀rá inú rẹ̀ nù, kó ku bíi ṣíbí kan. Dín àlùbọ́sà kékeré tí o gé wẹ́wẹ́, pẹ̀lú ata dúdú tí o fọ́ gbúngbùn. Ìgbà náà ni bùráńdì, mílílítà 60.

Dúró síbí yìí o. Ọmọ ọdún 22 ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé ìdáná hòtẹ́ẹ̀lì kan, mo gbé ìgò bùráńdì, mo ń dà á tààrà sínú páànù tó wà lórí iná gáàsì. Iná fò sókè, ojú mi ló bá lọ. Ọ̀gá mi kò pariwo. Ó kàn gbé ìdérí ìkòkò, ó fi bo páànù, iná kú. Ó wá wò mí títí, ó ní, “Irun ojú rẹ ọ̀tún dà?” Ọjọ́ pẹ́ tí mo fi ń fi pẹ́ńsùlù ya irun ojú lọ síbi iṣẹ́. Nítorí náà, inú ife ni kí o wọn ọtí sí, kí o gbé páànù kúrò lórí iná kí o tó dà á sí i, kí ìdérí sì wà nítòsí. Kò pọn dandan kó gbiná. Jẹ́ kó hó títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, kí o máa fi ṣíbí onígi ha ìdí páànù.

Omi ẹran ló kàn, mílílítà 120, kó hó títí tí yóò fi ku ìdajì. Ẹ̀yìn náà ni kí o rẹ iná sílẹ̀, kí o da kírímù mílílítà 120 sí i. Ìdí tí tìrẹ fi dì ni pé kírímù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tàbí mílíìkì, lo lò, iná sì le. Èyí tí ọ̀rá rẹ̀ tó 35% sókè kì í tètè dì. Nígbà tó bá bo ẹ̀yìn ṣíbí, tí o fi ìka fa ìlà síbẹ̀ tí ìlà náà dúró, ó ti tó. Omi tó ti sun sínú àwo tí ẹran ń sinmi sí, da ìyẹn náà sí i. Omi tí à ń lé látàárọ̀, ibí yìí la ti fẹ́ ẹ. Ìparí ni kí o tó tọ́ iyọ̀ wò.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ ǹlẹ́ o, mà. A kì í fẹnu kan ọtí nílé wa, ṣùgbọ́n ọmọ mi ní iná máa ń jó ọtí inú ọbẹ̀ náà tán. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Rárá o, Mọ̀mí. Ọbẹ̀ tí wọ́n tiná bọ̀ lásán, ọtí inú rẹ̀ ṣì máa ń ṣẹ́ kù tó nǹkan bí 75%. Kódà tó bá hó fún ìṣẹ́jú 15, nǹkan bí 40% ṣì ń bẹ níbẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ pátápátá. Ẹ fi omi ẹran àti oje èso àjàrà díẹ̀ rọ́pò rẹ̀, kí ẹ kán fínígà ṣíbí tíì kan sí i kó má bàa dùn jù. Kò ní jọra, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ gidi ni. Ẹ sì bá mi fa ọmọ yẹn létí díẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé sítéèkì ti jinná láì gé e? Ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde níbẹ̀ ń lé mi sá.

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Omi ni, pẹ̀lú ohun kan nínú iṣan ẹran tí wọ́n ń pè ní myoglobin, òun ló ń mú kó pupa. Ra témómítà ẹran, kí o tì í wọ àárín láti ẹ̀gbẹ́. Láti 54°C sí 57°C, àárín á pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, á rọ̀. Láti 60°C sí 63°C, pupa díẹ̀ ló kù. Tó bá kọjá 68°C, kò sí pupa mọ́, omi náà sì ti lọ. Gbé e kúrò lórí iná nígbà tó bá ku nǹkan bí 3°C, torí yóò ṣì máa jinná lọ lórí àwo.